Ògiri Tó Rẹwà Tó sì Lágbára: Bí Àwọn Ará Jàpáànì Ṣe Ń Fi Ìlà àti Igun Ṣe Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́

 

Kí ẹ tó ka ìwé yìí lọ síwájú, ẹ gbé ojú sókè díẹ̀. Ẹ wo ògiri ibi tí ẹ jókòó sí. Kí ni ẹ rí lára rẹ̀? Bóyá amọ̀ ni. Bóyá bíríkì ni. Bóyá ẹnìkan ti fi ẹfun kùn ún. Bóyá òjò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ti ń sán.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wo ògiri lẹ́ẹ̀mejì. A gbà pé iṣẹ́ ògiri kò ju kí ó gbé òrùlé dúró, kí ó má jẹ́ kí òjò àti olè wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa sọ pé ìrínisí ni ìsọnilójọ̀. Bí a bá ṣe rí ilé, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe bu ọlá fún onílé. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn ní gbogbo ayé fi ń wá ọ̀nà láti mú kí ògiri wọn dára.

Lónìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa ògiri ilé ní ilẹ̀ Jàpáànì. Jàpáànì jìnnà sí wa gan-an. Ó wà ní ìlà-oòrùn ayé, erékùṣù púpọ̀ ni, òkun ló yí i ká. Bí ẹnìkan bá wá bi wá pé, "Kí ni ó kàn wá pẹ̀lú ògiri Jàpáànì?" ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Àwọn náà ń fi amọ̀ kọ́lé bíi tiwa. Àwọn náà ń pa aró bíi tiwa. Òjò ń jẹ ògiri wọn, iná sì ń jó ilé wọn, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Ohun tí wọ́n ṣe sí i lè la ojú wa.

1. Kí ni àwòrán onílà àti onígun?

Oríṣìí àwòrán méjì ló wà. Èkíní ni àwòrán ohun tí ojú ń rí: ènìyàn, ẹyẹ, igi, ẹṣin. Bí a bá rí i, a mọ ohun tí ó jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èkejì ni àwòrán tí kò fi ojú ènìyàn tàbí ara ẹranko hàn. Ìlà ni, igun ni, òbìrí róbótó ni. A fà wọ́n kí wọ́n dọ́gba, a sì tún wọn fà léraléra títí wọ́n fi bo ibi tí a fẹ́. Ẹ ti mọ irú èyí. Ẹ wo ara ẹní. Ẹ wo ara igbá fínfín. Ẹ wo aṣọ òfì. Gbogbo wọn ní ìlà àti igun tó ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó hun ún kò ya ènìyàn kankan sí i, síbẹ̀ ojú ń gbádùn rẹ̀.

Àwọn ará Jàpáànì fẹ́ràn irú àwòrán kejì yìí púpọ̀. Wọ́n ń fi í sí ara aṣọ, sí ara àwo, sí ara ilẹ̀kùn, àti sí ara ògiri. Púpọ̀ nínú wọn ní orúkọ àti ìtumọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni ichimatsu. Igun mẹ́rin tó dọ́gba ni. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan aláwọ̀, ọ̀kan funfun, ọ̀kan aláwọ̀, títí lọ.

Ìkejì ni seigaiha. Ìdajì òbìrí ni, tí ọ̀kan gun orí èkejì bí ìpẹ́ ẹja. Ìgbì òkun ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ.

Ìkẹta ni shippo. Òbìrí tó wọ inú ara wọn ni. Òbìrí kan kì í dá dúró, ó di ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní ó dúró fún ìrẹ́pọ̀.

Ìkẹrin ni asanoha. Ó dà bí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà. Wọ́n fi sọ orí ewé igi kékeré kan tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ hun aṣọ, tí wọ́n sì fi ń lọ́ okùn. Igi náà máa ń yára dàgbà, ó sì máa ń nà gbọnrangandan. Nítorí náà, láyé àtijọ́, àwọn ìyá ní Jàpáànì máa ń fi àwòrán yìí sí aṣọ ọmọ ọwọ́ wọn. Wọ́n ń fi í súre pé kí ọmọ náà dàgbà kánkán, kí ara rẹ̀ sì le.

Ṣé ẹ rí i pé ìlà lásán lè gbé àdúrà ìyá?

2. Ilé ọmọ ọba tí a fi koríko bò

Ìlú kan wà ní Jàpáànì tó ń jẹ́ Kyoto. Ibẹ̀ ni olú ìlú àwọn ọba wọn fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, láti ọdún 794 títí di ọdún 1868. Lẹ́bàá ìlú náà ni ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Katsura. Ọmọ ọba kan, Toshihito, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1600. Ọmọ rẹ̀, Toshitada, ló ń bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ọgbà Katsura, létí adágún omi, ilé kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shokintei. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, tí wọ́n sì ti ń mu tíì. Koríko ni a fi bo òrùlé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, koríko! Ọmọ ọba ló ni ín, síbẹ̀ koríko ló fi bò ó.

Bí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀, ohun kan ni yóò kọ́kọ́ mú ojú rẹ̀. Lára ògiri tó wà níbi ọlá nínú yàrá, àti lára ilẹ̀kùn tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n lẹ bébà tí a fi ọwọ́ ṣe. Bébà náà jẹ́ igun mẹ́rin ńláńlá. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan aláró. Kò sí wúrà níbẹ̀. Kò sí àwòrán ọba. Kò sí àwòrán ogun. Àwọ̀ méjì péré ni, àti igun mẹ́rin péré.

Ní ọdún 1933, ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń ya àwòrán ilé, Bruno Taut, dé Jàpáànì. Ó lọ wo Katsura. Ẹnu yà á. Ní àsìkò náà, àwọn ayàwòrán ilé ní Yúróòpù ń sọ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí ilé ṣe lè dára láìsí ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Taut wá rí i pé àwọn ará Jàpáànì ti mọ̀ ọ́n láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ó kọ ìwé, ó yin ilé náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ilẹ̀ òkèèrè. Títí di òní, ẹni tó bá rí àwòrán onígun lára ògiri ilé ní Paris tàbí ní New York, tí wọ́n ní ó jọ ti Jàpáànì, kí ó rántí ilé bí Katsura.

3. Òṣèré tó sọ àwòrán lórúkọ

Orúkọ ichimatsu kì í ṣe orúkọ àtijọ́. Igun funfun àti aláwọ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́ kí orúkọ yìí tó dé. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí.

Ọkùnrin òṣèré kan wà tó ń jẹ́ Sanogawa Ichimatsu. Ní ọdún 1741, ó jáde síta nínú eré ní ìlú Edo. Edo yìí ni ìlú tí a ń pè ní Tokyo lónìí. Aṣọ tó wọ̀ ní igun mẹ́rin funfun àti aláwọ̀ tó ń tẹ̀lé ara wọn. Aṣọ náà wu àwọn òǹwòran. Àwọn obìnrin ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rà irú rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ aláṣọ, orúkọ òṣèré náà ni wọ́n ń pè. Báyìí ni orúkọ rẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ àwòrán náà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọjà wa. Aṣọ a máa jáde, a ó sọ ọ́ lórúkọ, kí oṣù tó parí gbogbo ọjà ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Tokyo fẹ́ gba àlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo ayé ti ọdún 2020, wọ́n wá àmì tí yóò fi Jàpáànì hàn. Ní ọdún 2016, wọ́n mú iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asao Tokolo. Igun mẹ́rin márùndínláàádọ́ta (45) ló tò yí ká, oríṣìí mẹ́ta ni wọ́n, àwọ̀ aró sì ni. Ichimatsu náà ni. Àrùn kòrónà ló jẹ́ kí wọ́n sún ìdíje náà sí ọdún 2021, ṣùgbọ́n wọn kò yí àmì rẹ̀ padà.

4. Aró wọn àti aró wa

A ti sọ pé aró ni àwọ̀ tí àwọn ará Jàpáànì fẹ́ràn. Ewé tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣe èlú wa. Tiwọn jẹ́ ewéko kúkúrú tí a ń gbìn ní oko lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á sá ewé náà, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á máa yí i padà, títí yóò fi jẹrà dáadáa. Ó máa ń gbà tó ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi omi eérú re é nínú ìkòkò. Aláró ilé wa tó bá ka èyí, yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Àwọn náà mọ eérú!"

Ohun mìíràn tún wà. Láti ya àwòrán sí aṣọ, wọ́n máa ń gé àwòrán náà sí ara bébà tó nípọn. Wọ́n á fi lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ìrẹsì ra ojú ibi tí wọ́n gé. Wọ́n á wá rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ilẹ̀ Yorùbá náà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é. Àwa ń lo ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́, àwọn ń lo ẹ̀kọ ìrẹsì. Ọgbọ́n náà jọra, bí ilé wa tilẹ̀ jìnnà síra.

5. Iná ìlú Edo

Títí di ìsinsìnyí, ẹwà ni a ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tó ń ba ilé jẹ́.

Igi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Edo. Ilé sì sún mọ́ ara wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1657, iná sọ ní ìlú náà. Ìjì ń fẹ́. Iná jó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀, iná tún ń sọ léraléra. Ní nǹkan bí ọdún 1720, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi amọ̀ nípọn rẹ́ ilé wọn, kí wọ́n sì fi amọ̀ sísun bo òrùlé dípò koríko àti igi.

Kí ló dé tí wọ́n fi yan amọ̀? Nítorí pé amọ̀ kì í jó. Àwọn olówò máa ń kó ìrẹsì àti aṣọ wọn sínú àká tí ògiri rẹ̀ nípọn gan-an. Bí iná bá ń bọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn àká náà, wọ́n á sì fi amọ̀ tútù dí gbogbo àlàfo. Ilé lè jó, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àká lè yè.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ògiri náà:

Wọ́n á la ọparun, wọ́n á fi okùn dì í ní ìbú àti ní òró, kí ó dà bí àwọ̀n. Èyí ni egungun ògiri.

Wọ́n á po amọ̀ mọ́ koríko ìrẹsì tí a gé wẹ́wẹ́, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Nígbà mìíràn, ó máa ń pẹ́ tó oṣù bíi mélòó kan. Bí koríko bá ti jẹrà nínú rẹ̀, amọ̀ náà á lẹ̀, á sì le.

Wọ́n á fi amọ̀ yìí rẹ́ ara ọparun náà, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n á tún rẹ́ ẹ. Ìpele kan kò gbọdọ̀ wá sórí èkejì kí ìyẹn tó gbẹ.

Ní ìparí, wọ́n á fi ẹfun funfun kan rẹ́ ojú rẹ̀. Òkúta ẹfun tàbí ìkarahun tí a fi iná sun ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á po ó mọ́ oje ewéko inú òkun tí a sè, tó ń lẹ̀ bí àtè, àti mọ́ fọ́nrán èèpo igi tí a fi ń lọ́ okùn. Oje náà ni kì í jẹ́ kí ẹfun náà yára gbẹ. Fọ́nrán náà ni kì í jẹ́ kí ó sán.

6. Ògiri onígun tó ń lé òjò

Ẹfun funfun dára, ṣùgbọ́n òjò tí ìjì ń gbá lu ògiri lè jẹ ẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú amọ̀ sísun pẹlẹbẹ, onígun mẹ́rin, dúdú. Wọ́n kàn án mọ́ ara ògiri, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan. Níbi tí méjì bá ti pàdé, wọ́n fi ẹfun funfun dí àlàfo náà. Wọn kò rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ o. Wọ́n jẹ́ kí ó yọ síta, kí ó rí róbótó bí okùn ńlá. Ẹran omi kan wà nínú òkun tó rí róbótó bẹ́ẹ̀, namako ni orúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe ògiri yìí ní ògiri namako.

Ẹni tó bá dúró lókèèrè, ohun tí yóò rí ni igun dúdú pẹ̀lú ìlà funfun tó kọjá lára ara wọn. Yóò rò pé nítorí ẹwà nìkan ni. Rárá o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń to àwọn igun náà ní ìdagun, kì í ṣe ní ìdúró. Bí òjò bá lu ògiri, omi á tẹ̀lé ìlà ìdagun náà wálẹ̀, kò ní dúró sójú kan. Amọ̀ sísun ń lé òjò, ẹfun tó yọ síta ń dí ojú àlàfo, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì ń lé iná.

Ìyẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ohun tó wúlò náà ló tún rẹwà. Wọn kò kọ́kọ́ kọ́ ògiri kí wọ́n tó wá fi ọ̀ṣọ́ lé e. Iṣẹ́ tí ìlà ń ṣe ni ó di ọ̀ṣọ́.

Irú ògiri yìí ṣì wà ní ìlú Kurashiki, níbi tí àwọn oníṣòwò ìrẹsì ti ń kó ẹrù sí láyé àtijọ́. Ó tún wà ní ìlú Matsuzaki, létí òkun. Ní Matsuzaki yìí ni wọ́n ti bí ọkùnrin kan ní ọdún 1815, orúkọ rẹ̀ ni Irie Chohachi. Birikilà ni, ẹni tí àwọn kan nínú wa ń pè ní másọ̀n. Irin pẹlẹbẹ tí a fi ń rẹ́ ilé ló fi ń ya àwòrán sára ẹfun tútù. Ó ṣe é títí ó fi di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀. Ó kú ní ọdún 1889. Ní ọdún 1984, wọ́n ṣí ilé kan ní ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, kí àwọn ènìyàn lè máa wá wò ó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ birikilà, ẹ gbọ́ o. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó kéré.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, símẹ́ǹtì àti pákó tí ẹ̀rọ ṣe gba ilé. Ẹni tó mọ bí a ti ń po amọ̀ dín kù. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ń darúgbó, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ kọ́ ọ. Jàpáànì rí i pé ọgbọ́n náà lè sọnù. Ní ọdún 2020, UNESCO kọ ọgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ilé onígi àtijọ́ Jàpáànì, àti ti àwọn tó ń rẹ́ ògiri pẹ̀lú, sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé.

7. Kì í ṣe Jàpáànì nìkan

Kí á má rò pé òkèèrè nìkan ni ọgbọ́n wà. Ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò, ní ilẹ̀ Koutammakou, àwọn Batammariba ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà tí gbogbo ayé mọ̀. Ọkùnrin ló ń mọ ògiri rẹ̀. Obìnrin ló ń rẹ́ ẹ, òun náà ló sì ń fi ìka fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ojú amọ̀ tútù náà. Ìlà náà jọ ilà tí wọ́n ń kọ sí ara wọn. UNESCO kọ ilẹ̀ náà ní apá Tógò sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2004. Ní ọdún 2023, wọ́n fi apá Bẹ̀nẹ̀ kún un.

Ní Burkina Faso, ní ìlú Tiébélé, àwọn obìnrin Kassena ń fi àwọ̀ pupa, dúdú àti funfun ya igun mẹ́ta àti igun mẹ́rin sí ara ilé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á se èèpo èso igi tí a fi ń ṣe irú, wọ́n á sì fi omi rẹ̀ kun ojú àwòrán náà kí òjò má tètè fọ̀ ọ́. Ààfin ìlú náà wọ ìwé UNESCO ní ọdún 2024.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ ti Jàpáànì, a kò sọ tiwa nù. À ń fi ọ̀kan tan ìmọ́lẹ̀ sí èkejì ni.

8. Bí a ṣe lè ṣe é ní ilé wa

Owó kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì níbí. Okùn ni, àti sùúrù. Ẹ ó wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òkúta kékeré kan, èédú lílọ̀, ẹfun, àti ọ̀pá ìwọ̀n tàbí mítà.

Àkọ́kọ́: Ẹ tún ògiri ṣe. Ẹ dí gbogbo ibi tó sán. Ẹ rẹ́ ẹ kí ó tẹ́jú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Ògiri tó tutù kò ṣeé kùn. Ó sàn kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òjò kì í dé.

Ìkejì: Ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn, kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ wálẹ̀ lára ògiri. Okùn náà á fi ìlà ìdúró hàn yín. Ojú lè tan ènìyàn jẹ, okùn olókùúta kì í tanni.

Ìkẹta: Ẹ fi èédú lílọ̀ pa okùn. Kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú, kí ẹnìkejì di ìdí rẹ̀ mú, kí wọ́n fà á le. Kí ẹnìkẹta fi ìka méjì fà á díẹ̀, kí ó sì jù ú sílẹ̀. Okùn á lu ògiri, ìlà dúdú tó tọ́ á sì hàn. Àwọn káfíńtà Jàpáànì ní àpótí kékeré tí wọ́n ń fi okùn sí nínú tàdáwà fún iṣẹ́ yìí gan-an.

Ìkẹrin: Kí igun lè tọ́, ẹ ka sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta (60) sí apá kan láti igun, kí ẹ ka ọgọ́rin (80) sí apá kejì. Bí ẹ bá fi okùn wọn àárín orí méjèèjì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún (100). Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, igun yín wọ́. Ẹ tún un ṣe.

Ìkarùn-ún: Ká ní ibi tí ẹ fẹ́ kùn gùn ní mítà méjì (200 sẹ̀ǹtímítà), ó sì ga ní mítà kan (100 sẹ̀ǹtímítà). Bí igun kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ó ní igun mẹ́wàá ní ìbú, àti márùn-ún láti ilẹ̀ dé òkè. 10 lọ́nà 5 jẹ́ 50. Igun funfun jẹ́ 25, igun aláwọ̀ jẹ́ 25.

Ìkẹfà: Ẹ fi ẹfun kun ọ̀kan, kí ẹ fo ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ wá kun àwọn tó kù, yálà pẹ̀lú aró, tàbí pẹ̀lú ilẹ̀ pupa, tàbí pẹ̀lú èédú. Bí ẹ bá po ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ṣíṣàn díẹ̀ mọ́ àwọ̀ náà, kò ní máa ra mọ́ni lára. Ichimatsu nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ shippo, ẹ má ṣe pa àwọn ìlà náà rẹ́. Ẹ mú okùn tó gùn ní 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ìṣó kékeré di orí rẹ̀ mọ́ ibi tí ìlà méjì ti pàdé, kí ẹ fi èédú sí orí kejì, kí ẹ sì yí i po. Òbìrí kan jáde. Ẹ fo ibi ìpàdé kan, kí ẹ ṣe òmíràn ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ní ìlà kejì, ibi tí ẹ fò ní ìlà kìíní ni kí ẹ bọ́ sí. Òbìrí á wọ inú òbìrí, ewé mẹ́rin á sì yọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bí ẹ bá lo ẹfun tí a fi iná sun, tí a ń rà ní ọjà fún iṣẹ́ ilé, ẹ rántí pé ó lè bó ènìyàn lára. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ má jẹ́ kí ó kán sí ojú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Bí ó bá kán sí ẹnìkan lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ẹ sì rántí pé àwọ̀ kò lè gba ògiri tí omi ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ là. Ẹ kọ́kọ́ la ojú àgbàrá kí omi má dúró ní ìdí ilé. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa. Ẹwà ògiri bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ rẹ̀.

9. Ìparí

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ ọba Jàpáànì ní owó tó lè fi ra wúrà. Ó yan koríko, bébà àti aró. Àwọn olówò Edo wá ohun tí yóò gba ẹrù wọn lọ́wọ́ iná àti òjò, ohun tí wọ́n rí sì di ẹwà ìlú. Amọ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ẹfun wà. Aró wà. Okùn kò wọ́n. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ọwọ́ ara ẹni náà ni a ó fi tún ilé wa ṣe.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àwòrán ohun tí ojú ń rí àti àwòrán onílà?
2. Kí ló dé tí àwọn ìyá ní Jàpáànì fi ń fi asanoha sí aṣọ ọmọ wọn?
3. Sọ iṣẹ́ méjì tí ògiri namako ń ṣe yàtọ̀ sí ẹwà.
4. Ní abúlé yín, ta ni ó mọ bí a ṣe ń po amọ̀ tó dára jù? Ta ni ó ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀?
5. Àwòrán wo ni ó wà lára ẹní, igbá tàbí aṣọ yín tí ẹ lè yà sí ara ògiri? Kí ni orúkọ rẹ̀?

Ìṣirò

Ògiri kan gùn ní mítà mẹ́ta (300 sẹ̀ǹtímítà), ó sì ga ní mítà méjì (200 sẹ̀ǹtímítà). Bí igun kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 25 sẹ̀ǹtímítà, igun mélòó ni yóò wà ní ìbú? Mélòó láti ilẹ̀ dé òkè? Mélòó ni gbogbo rẹ̀? Mélòó ni ẹ ó fi ẹfun kùn?